Kí ló fà á tí àwọn ilé oògùn àdúgbò fi ń kógbá sílé?

Ìyá Tọ́lá, Kubwa, Abuja:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Láàárín ọdún méjì, ilé oògùn mẹ́ta ló ti kógbá sílé ní àyíká wa, títí kan èyí tí mo ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún màmá mi, níbi tí wọ́n ti mọ oògùn tí ara màmá kì í gbà. Wuse ni mo ń lọ báyìí, owó ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oògùn. Ṣé ọjà ni kò yá ni?

Apoògùn, Lugbe:
Ọjà ń yá, ìyá. Àtirà òmíràn ló nira. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn wa ti ń wá, èyí tí a sì ń ṣe nílé pàápàá, Íńdíà àti Ṣáínà ni wọ́n ti ń ra èròjà rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba kọjá 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Owó páálí tí mo bá tà tán kì í tó ra ìdajì rẹ̀ mọ́, àwọn tí ń kó ọjà fún wa kò sì tajà àwìn mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 náà ni GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé àwọn ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ventolin tí àwọn oníkọ́ fée ń fà símú di àwátì. Ẹ fi owó iná kún un, nítorí ínsúlínì, oògùn àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, kò gbọdọ̀ pẹ́ níta fìríìjì. Èmi náà ti ti ṣọ́ọ̀bù mi kejì pa.

Bàbá Kakuri, Kaduna:
Ẹni tó gba ipò àwọn ilé oògùn tó kógbá sílé ló ń bà mí lẹ́rù: ẹni tó ń kiri oògùn nínú oòrùn ọ̀sán, tí kò ní bi aboyún pé oṣù mélòó ni.

Ìyá Tọ́lá:
Mo ti ń bínú sí onílé oògùn wa, mi ò mọ̀. Bí ìdílé mẹ́wàá bá dá owó jọ, ṣé a lè máa ra ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan?

Apoògùn, Lugbe:
Ó ṣeé ṣe, bó bá jẹ́ oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iye mílígíráàmù gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára páálí, ẹ má sì da ínsúlínì mọ́ ọn láìsí kúlà oníyìnyín.