Láìbìrì ilé-ìwé ọmọ mi kò ní ìwé gidi: báwo la ṣe ń béèrè owó ìrànwọ́?

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé-ìwé ìjọba tí àwọn ìbejì mi ń lọ, ọmọ aláìní ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kíláàsì kẹta ni wọ́n wà. Tíṣà wọn sọ fún mi pé nínú ọmọ 24, mẹ́sàn-án péré ló lè ka ojú ewé kan já láìdúró. Ìwé inú láìbìrì wọn ti gbó, òmíràn kò ní ẹ̀yìn mọ́, owó àpò ara rẹ̀ ni tíṣà náà fi ń ra ìwé ìtàn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní dọ́là 1,200 nílẹ̀, a sì fẹ́ béèrè owó ìjọba àpapọ̀ láti fi kún un. Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dá Akọ̀wé, Maryland:
Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú àwa rí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, ìyẹn ojúlé ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní UEI. Ọkùnrin kan ní òun á bá wa ṣe é, ó gba dọ́là 650 lọ́wọ́ wa. Ẹ gbọ́ ná: ọ̀fẹ́ ni! Sùúrù nìkan ló ń gbà, torí ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó yẹ ìwé yín wò tán. Ímeèlì tó bá ní "ẹ sanwó kí orúkọ yín má baà jábọ́", ẹ pa á rẹ́.

Ẹ tún nílò ìwé 501(c)(3), tó fi hàn pé àjọ aláàánú tí kì í san owó orí ni yín, láti ọ̀dọ̀ IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀. Bí owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún kò bá ju dọ́là 50,000 lọ, Form 1023-EZ, fọ́ọ̀mù kúkurú tí a fi ń béèrè rẹ̀, ló bá yín mu, dọ́là 275 ni. Èyí tó gùn jẹ́ 600. Kí ẹ má gbàgbé 990-N, ìròyìn kúkurú tí ẹgbẹ́ kékeré ń fi ránṣẹ́ sí IRS, lọ́dọọdún o. Bí ẹ bá fi ọdún mẹ́ta léra fò ó, ìwé yín ti kú nìyẹn.

Tíṣà Adùn, Bronx:
Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọ̀nà yẹn jìn fún ohun tí Ìyá Ìbejì ń wá. Owó ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ìwé kíkà gan-an, Innovative Approaches to Literacy, wọn ò dá a sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. District (àjọ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba ní agbègbè kan) tí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ rẹ̀, ó kéré tán, bá wá láti ilé tálákà ló lè béèrè rẹ̀, tàbí àjọ aláàánú tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ yín lè kọ lẹ́tà láti ti district lẹ́yìn, ibẹ̀ ló mọ.

Ẹ wo owó tó ti wà nílẹ̀ ná. Title I nìyẹn, owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé-ìwé tí ọmọ tálákà pọ̀ sí, òfin 1965 ló dá a sílẹ̀. Bí ọmọ tálákà bá tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lè ná an sórí gbogbo ilé-ìwé náà. District tó bá ń gbà ju dọ́là 500,000 lọ gbọ́dọ̀ ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀, ó kéré tán, fún iṣẹ́ tó kan àwọn òbí. Òfin ní kí wọ́n pe òbí sí ìpàdé lọ́dọọdún, kí òbí sì dá sí bí wọ́n ṣe máa ná an. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé yẹn tí òbí mẹ́rin péré wá. Àwa Yorùbá, ìkómọ la máa ń kún gbọ̀ngàn fún!

Ní ti dọ́là 1,200 yín, DonorsChoose ni kí ẹ fi sí, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí tíṣà ti ń béèrè ohun tí kíláàsì rẹ̀ nílò, tí àwọn èèyàn sì ń dáwó sí i. Tíṣà kan ní Bronx wa níbí ló dá a sílẹ̀ ní 2000, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀. Tíṣà ilé-ìwé ìjọba ló gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè náà, òbí kò lè kọ ọ́. Wọn kì í kó owó fún tíṣà: àwọn fúnra wọn ló ń ra ìwé, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Kí tíṣà yín tún forúkọ sílẹ̀ ní First Book, àjọ aláàánú tó ń pèsè ìwé, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ aláìní, ìwé tuntun wà níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Kó má kọ "a nílò ìwé" o. Gbogbo ayé ló nílò ìwé. Kó kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lókè yẹn: ọmọ 24, mẹ́sàn-án ló lè kà. Kó dárúkọ ìwé tó fẹ́, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n á fi máa kà á lójúmọ́, àti oṣù tó máa tún dán wọn wò. Ẹni tó ń fúnni lówó fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti gbéra.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ ààrẹ wa fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì ńlá.

Tíṣà Adùn, Bronx:
Kó ya á pẹ̀lú ìwé. Àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀ àfi bí òbí wọn bá fọwọ́ sí i.

Àǹtí Peckham, London:
Ẹ jẹ́ kí n ti tiwa bọ̀ ọ́, torí àwọn ará England náà ń ka ibí yìí. Pupil Premium la ní níbí láti 2011. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé oúnjẹ ọ̀fẹ́ nítorí pé owó òbí rẹ̀ kéré, ìjọba ń fún ilé-ìwé rẹ̀ lówó lórí rẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, £1,480 ni lórí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ bá sì ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́fà ló fi ń kà fún ilé-ìwé.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Láti Reception dé Year 2, ìyẹn kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ ló ń jẹun ọ̀fẹ́. Ní London, ó ti kan gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 2023. Nítorí náà àwọn òbí wa á ní "kí ni mo tún ń fi fọ́ọ̀mù ṣe, ṣebí ọmọ mi ti ń jẹun?" Fọ́ọ̀mù yẹn ni owó ìwé! Ẹ̀yin tí wọ́n kọ "no recourse to public funds" (ẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) sí físà yín, ẹ má sá fún un. Láti 2022, ẹ̀yin náà lè béèrè rẹ̀ bí owó yín kò bá kọjá òṣùwọ̀n, kò sì sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún yín. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe ń ná owó náà sórí wẹ́ẹ̀bù rẹ̀. Ẹ lọ kà á, kí ẹ wo bóyá ìwé kíkà wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn, Atlanta:
Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ṣé ilé-ìwé Amẹ́ríkà ló yẹ ká máa ra ìwé fún, nígbà tí tiwa nílé ò ní àga?

Bọ̀dá Akọ̀wé, Maryland:
Àbúrò, ọmọ wa ló jókòó sí kíláàsì yẹn. Ti ilé náà ní ọ̀nà tirẹ̀: owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wà láti inú òfin 2004, ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀ kò ní rí i gbà. Ẹ dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀, màá wá síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Mo ti pe tíṣà wọn. Ìpàdé Title I ti wáyé ní September. Mo rí ìwé ìpè náà nísàlẹ̀ báàgì Kẹ́hìndé lánàá, ó ti fi ṣe ọkọ̀ òfurufú. Tíṣà ní òun ti ṣí DonorsChoose tipẹ́, kò kàn sí ẹni tó máa fowó sí i ni. A ó jókòó lọ́jọ́ Sátidé kọ ọ́. Tíṣà Adùn, ṣé ẹ lè bá wa kà á kó tó fi ránṣẹ́?

Tíṣà Adùn, Bronx:
Ẹ fi ránṣẹ́. Kó má ju ojú ewé kan lọ.