Ẹ̀yin ìyá, ṣé kí n máa lo antioxidant yìí lọ àbí kí n dá a dúró?

Ẹ kú ilé o. Ẹni ọdún 67 ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì ló ní antioxidant, àwọn èròjà bíi fáítámì E tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ara, ló ń jẹ́ kí òun máa dán bí ọmọge, mo wo ojú ẹ̀ lóòótọ́ ó ń dán, ni mo bá lọ ra tèmi. Ike mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi báyìí, ọ̀kan fáítámì E nìkan, ọ̀kan tí wọ́n ní ó wà fún irun, awọ àti èékánná, ọ̀kan sì ni multivitamin àwọn obìnrin tó ti lé ní 50. Oṣù kẹrin rèé. Kí n má parọ́, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan ju pé owó ń lọ. Ohun tó wá ń kọ mí lóminú ni pé apá mi ń dúdú lójú ibì kan lójú ibì kan bí ẹni tó fara gbá ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ mi ò fara gbá nǹkan kan. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, torí ọkàn mi kì í lù déédéé. Ọmọ mi obìnrin ní kí n da gbogbo ẹ̀ nù, ọ̀rẹ́ mi ní kí n fara dà á, pé ìdọ̀tí ara ló ń jáde. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ìdọ̀tí kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ló ń dúró sábẹ́ awọ yẹn o mà! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí àwọn ike yẹn sẹ́yìn, ẹ ka iye fáítámì E tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ro ó pọ̀.

Ẹni tó béèrè: Mo ti wọ awò kà á, lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Àkọ́kọ́ 400 IU, ìkejì 200, ìkẹta 50. Háà! 650 lójúmọ́! Mi ò mọ̀ pé E wà nínú ti irun yẹn rárá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. 15 mg fáítámì E ló tó àgbàlagbà lójúmọ́, ìyẹn bíi 22 IU, ẹ wá fi wé 650. Tó bá ti pọ̀ tó báyẹn, òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, iṣẹ́ tí warfarin ń ṣe nìyẹn, wọ́n wá pawọ́ pọ̀. Ẹ pe dókítà yín lónìí, kì í ṣe lọ́la, kí wọ́n yẹ INR yín wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì hàn. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní fọwọ́ kan ike fáítámì E yẹn mọ́ títí màá fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dá warfarin dúró fúnra yín o, ẹ má sì tíì gbọ́ ti ọmọ yín pátápátá torí multivitamin míì máa ń ní fáítámì K nínú, èyí tó máa ń bá warfarin jà, téèyàn bá ṣàdédé fi í sílẹ̀ INR tún lè yí padà. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ti irun yẹn náà, wọ́n sábà máa ń fi biotin, fáítámì B kan, sí i, ó sì lè da èsì àyẹ̀wò táírọ́ọ̀dù rú. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tàbí ẹ ṣubú tẹ́ ẹ forí gbálẹ̀, ẹ má dúró fi fóònù pe ẹnikẹ́ni, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì: Èmi náà gbé e mì fún ọdún méjì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀. Wọ́n fún àwọn obìnrin ní 600 IU fáítámì E ní ọjọ́ méjì-méjì fún bí ọdún 10, obìnrin 39,876 tí wọ́n ti pé 45 sókè ni wọ́n lò fún iṣẹ́ ìwádìí yẹn, Women's Health Study. Nígbà tí èsì jáde ní 2005, àpapọ̀ jẹjẹrẹ ò dín kù, àpapọ̀ àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ náà ò dín kù. Ti Finland tún burú, àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ni wọ́n fún ní beta-carotene, antioxidant míì, nígbà tó di 1994 jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló tún pọ̀ sí i láàárín wọn. Wọ́n á ní free radical, ìyẹn àwọn èròjà inú ara tí antioxidant ń gbógun tì, ń ba ara jẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ ara náà ń lò ó láti fi pa kòkòrò àrùn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ la fẹ́ lé lọ.

Àbúrò Wọn: Ẹ má bínú o, dókítà ojú ló kọ antioxidant fún mọ́mì mi, C, E, lutein, zinc, wọn ò sì rí aburú kankan níbẹ̀. Ṣé ayédèrú náà ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá o, ìyẹn yàtọ̀. Macula mọ́mì yín, ìyẹn ibi tó wà lẹ́yìn ojú tá a fi ń ríran kedere, ló ń bàjẹ́ nìyẹn, oògùn yẹn máa ń jẹ́ kó falẹ̀ fún ẹni tó ti dé ìwọ̀n kan. Ẹni tójú ẹ̀ dá ṣáká ò rí èrè kankan níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rẹ́ yín tó ń dán yẹn, ẹ bi í wò bóyá ó ń sùn dáadáa ni jàre 😂

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n kó gbogbo ike náà sínú báàgì wá. INR mi jẹ́ 4.8, àárín 2 sí 3 ló yẹ kó wà. Wọ́n ní kí n fo warfarin tòní, kí n padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta òní, fáítámì E tán nílẹ̀, multivitamin nìkan ni wọ́n ní kí n ṣì máa lò. Ọ̀rẹ́ mi sì tún ń pè mí bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun rí òmíì tó dáa jùyí lọ. Mi ò tíì gbé e.