Bí Èémí Ṣe Ń Gùn Sí I: Ìrírí Àwa Tí A Bẹ̀rẹ̀ Eré Sísá Lẹ́yìn Tí Ara Ti Wúwo

Olùkọ́ kan, Ogbómọ̀ṣọ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé eré ìdárayá ti kọjá agbára yín gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí ó bá ń sáré ní ìwọ̀n tí ó fi lè kí àgbà tí ó bá pàdé lọ́nà, tí ó sì lè dáhùn ohun tí àgbà náà bá bi í láì mí hẹlẹhẹlẹ, eré tí ó yẹ kí ó máa sá gan-an ni ó ń sá. Lójú tèmi, ibi tí ẹni tí ó ń tẹ̀síwájú ti yàtọ̀ sí ẹni tí ó jáwọ́ nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì tí mo ń kọ́ wà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò sì pọ̀, síbẹ̀ bí mo bá fi máa dé òkè, ó di dandan kí n kọjú sí pátákó fún ìgbà díẹ̀ kí èémí mi tó balẹ̀, kí n tó lè la ẹnu bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan tí mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ni nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó kí òun wọn ìfúnpá tèmi náà. Ó ní kò tíì di ohun tí a ń lo oògùn sí, ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ọn. Òun ni ó sọ fún mi pé ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n, irú bíi ìrìn kánkán, fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ó ṣe èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Nígbà tí mo pín 150 yẹn sí ọjọ́ márùn-ún, tí mo rí i pé ààbọ̀ wákàtí péré ni, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ìrìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìrìn kò ní mi lára mọ́, àbúrò mi tí ó ń gbé Ìbàdàn fi ètò kan hàn mí lórí fóònù, èyí tí ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Josh Clark ṣe ní ọdún 1996 fún àwọn tí wọn kò sáré rí. Ọ̀sẹ̀ 9 ni ètò náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ènìyàn yóò kọ́kọ́ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà yóò máa sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, yóò sì máa rìn fún ìṣẹ́jú àáyá 90, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é ní àṣetúnṣe títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Eré ń gùn, ìrìn ń kúrú, títí ènìyàn yóò fi lè sáré fún ìṣẹ́jú 30 láìdúró. Ètò dáadáa ni, mo sì gbà á, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọ̀sẹ̀ 9 ni ara gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ọ̀sẹ̀ tí ara mi kò bá tíì gbà, mo máa ń tún un ṣe kí n tó bọ́ sí òmíràn, kò sì sí ẹni tí ó ń lé mi.

Ìlú wa kì í ṣe ibi tí obìnrin ti lè sáré kọjá níwájú àgbà láìkí i. Ní ìdájí tí mo máa ń jáde, àwọn ìyá ti ń gbálẹ̀ ojúlé, àwọn ẹlẹ́kọ ti ń dáná, àwọn bàbá sì ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ láti ibi ìrun àsùbáà. Bí mo bá sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, mo gbọ́dọ̀ dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n fi orúnkún bà díẹ̀, kí n sì kí wọn. Bàbá kan wà tí wọ́n máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí mi, wọ́n dìde dúró, wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ló dé? Ta ní ń lé ọ?” Mo ní, “Kò sí o, bàbá. Ara ni mo ń nà.” Gbólóhùn kékeré yẹn, mo dúró mí láàárín rẹ̀ kí n tó lè parí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dáa. Rọra o.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ, wọ́n á béèrè àlàáfíà mi, wọ́n á béèrè ọkọ, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, èmi náà á sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó máa bá tèmi lọ. Àṣé ìsinmi tí ètò orí fóònù ń fún mi ni ìkíni náà ń fún mi. Bàbá yìí ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó dé bá mi, kódà kí n tó mọ̀ ọ́n fúnra mi. Wọ́n ní, “Èémí rẹ ti ń gùn o. Tẹ́lẹ̀, bí o bá ní ‘ẹ káàárọ̀’, n kì í gbọ́ ‘bàbá’ tí ó tẹ̀ lé e.”

Ìwọ̀n yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn ń lò: bí ènìyàn bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, eré ìdárayá rẹ̀ mọ níwọ̀n, bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ kí ó tó mí, ó ti le. Ìdí tí eré tí ó mọ níwọ̀n fi ń mú èémí gùn ni pé ó ń fún ara láyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ọkàn yóò sì lè ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò ní nílò láti máa lù kìkìkì bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín yóò máa hù sí i nínú ẹran itan àti ẹran ẹsẹ̀, tí agbára tí ẹran ara ní láti fi afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ṣiṣẹ́ yóò sì máa pọ̀ sí i; ìyẹn ń gba oṣù púpọ̀. Ọjọ́ ìsinmi gan-an ni ara ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń sáré lójoojúmọ́.

Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń bá àwọn ọ̀dọ́ jáde fún “keep fit” ní àárọ̀ Sátidé. Fèrè ń dún, orin ń lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 25 wà níwájú, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin náà sì fẹ́ bá wọn sá a délé. Ní ọjọ́ kejì, kò ní lè sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò sì sọ pé eré sísá kò bá òun lára mu. Mo máa ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró sẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n rìn bí ó bá gba ìrìn, kí wọ́n sì fi ọjọ́ méjì mìíràn kún un láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè kọ́ èémí ẹnikẹ́ni.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò ni mo ń wọ̀ sábẹ́ kaba gígùn, kò sì dí mi lọ́wọ́. Ní ti oúnjẹ, gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé Ogbómọ̀ṣọ́ ni ibi tí wọ́n gbé ń jẹka kí wọ́n tó mùkọ yangan, n kò sì fi ọkà sílẹ̀ nítorí eré. Lẹ́yìn eré ni mo ń jẹ ẹ́.

Mo ń sá kìlómítà 5 báyìí láìdúró, àyàfi láti kíni. Bí mo bá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé kíláàsì, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Afíngbá kan, Ọ̀yọ́

Mo gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa lórí ìkíni, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí èémí kò lè sọ fún ènìyàn, òun ni ọ̀rọ̀ eegun.

Igbá fínfín ni iṣẹ́ mi, bàbá mi ni ó sì kọ́ mi. Orí àpótí ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, igbá lórí itan, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ọrùn ní títẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí ọ̀nà Awẹ́, èémí mi tètè gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ojúgun ni kò bá a dọ́gba. Ní ẹ̀gbẹ́ inú, láti agbedeméjì ojúgun títí dé ìtòsí kókósẹ̀, ó ń ro mí bí mo bá gbéra, ó máa ń dẹ̀ díẹ̀ bí ara bá ti gbóná, á sì tún padà bí mo bá délé. Mo gba ilé ìwòsàn lọ, ẹni tí ó ń tọ́jú iṣan àti eegun níbẹ̀ sì là á yé mi. Ó ní ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n eegun àti iṣan tí ó so ẹran mọ́ ọn ń gba oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó le, nítorí náà ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èémí lè fi ẹsẹ̀ ṣe ohun tí ẹsẹ̀ kò tíì ṣe tán láti ṣe. Ó fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ojúgun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ó dáa tí ìrora náà fi tàn ká, pé bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí kò ju orí ìka lọ ni ó ń dùn, tí ó sì ń dùn lóru nígbà tí mo bá sùn, ó lè jẹ́ pé eegun ti fẹ́ sán, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ eré rárá títí wọn yóò fi ya àwòrán rẹ̀.

Ìrìn ni mo ń rìn títí ó fi lọ, lẹ́yìn náà mo padà sí ìdajì ohun tí mo ń sá tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀dà sílẹ̀, mo gba ọ̀nà ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàtà òkìríkà ni mo ń rà, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìtìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ti le gbagidi tí kò rì mọ́, tàbí tí ó jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí máa ń dá eré ìdárayá dúró pátápátá nínú oṣù Ramadan, bí ó bá sì fi máa di ọdún ìtúnu, èémí ti padà sẹ́yìn, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn kò bá fi ṣe nǹkan kan tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìṣínu tó tó, kí ó lè jẹ́ pé bí mo bá ti ń dé ni mo ń fi omi àti dàbínù ṣínu. Bí ara bá gbà á, mo máa ń sáré jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìrun àṣámù lálẹ́. N kì í wá ìtẹ̀síwájú nínú oṣù náà. Mo kàn ń dá ohun tí mo ti ní dúró ni.

Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ fi èyí kún un nítorí àwọn tí ó ń lo oògùn.

Àwọn kan ti kọ́ láti máa yọ ọjọ́ orí wọn kúrò nínú 220, kí wọ́n lè mọ iye ìgbà tí ọkàn wọn lè lù dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò gbà-bẹ́ẹ̀-náà ni, ó sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tí ó ń lo oògùn ìfúnpá bíi atenolol, oògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn lù kánkán, nítorí náà ó lè máa ka ìlù ọkàn rẹ̀ kí ó rò pé òun kò tíì ṣiṣẹ́, nígbà tí ó ti ń ṣe àṣejù. Ìkíni tí olùkọ́ sọ yẹn ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa lò. Kí ó má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Dókítà nìkan ni ó lè dín in kù.

Bí àyà bá ń fún ènìyàn pọ̀, tí ìrora ń gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀fun, tí òyìnbó ń pè ní asthma, kí ó ṣọ́ra fún eruku ọyẹ́. Ní àwọn oṣù yẹn, kí ó rìn nínú ilé tàbí lábẹ́ òrùlé, kí oògùn tí ó máa ń fi ẹnu fà (inhaler) wà lápò rẹ̀. Ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sá eré àsápajúdé rárá, ṣùgbọ́n ìrìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan.

Àwa ìyá mélòó kan máa ń rìn yí pápá ìṣeré ìlú ká lẹ́yìn ìrun àsárì, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tijú láti dá bẹ̀rẹ̀ lè wá bá wa. Kí ó gbé omi dání.