Ṣé ó ṣe pàtàkì èyí tí a kọ́kọ́ ṣe: dídorí gíráàfù kodò ni, tàbí sísún un sókè?

Abèèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Wọ́n ní kí a mú gíráàfù kùádírátíìkì y = x² − 4x + 7, kí a dorí rẹ̀ kodò lórí ìlà-ìbú x bí ẹni ń wo dígí, kí a sì sún un sókè ní ìwọ̀n 5. Èmi kọ́kọ́ sún un sókè kí n tó dorí rẹ̀ kodò, mo sì rí y = −(x − 2)² − 8. Ẹni tí a jọ ń kàwé rí y = −(x − 2)² + 2. A ti yẹ iṣẹ́ ara wa wò lẹ́ẹ̀mẹta, a kò sì rí àṣìṣe kankan. Ta ló gbà á nínú wa?

Olùdáhùn kìíní:
Ìṣirò ẹ̀yin méjèèjì péye, àmọ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo ṣóńṣó gíráàfù náà nìkan. Níwọ̀n bí x² − 4x + 7 ti jẹ́ (x − 2)² + 3, ṣóńṣó rẹ̀ wà ní (2, 3), ẹnu rẹ̀ sì ṣí sókè. Bí a bá kọ́kọ́ dorí rẹ̀ kodò, 3 yóò di −3, sísún sókè yóò sì gbé e dé 2. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ sún un, 3 yóò di 8, dígí náà yóò sì sọ 8 di −8, nítorí pé 5 tí ẹ ti fi kún un pẹ̀lú ti bọ́ sábẹ́ àmì ìyọkúrò. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn yín fi fi 10 jìnnà síra. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà nínú ìbéèrè ni kí ẹ ṣe é, nítorí náà ẹnì kejì yín ló gbà á.

Olùdáhùn kejì:
Òótọ́ ni, mo kàn fẹ́ fi kún un pé bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ẹ sún un sí, èyíkéyìí tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe, ìdáhùn kan náà ni, nítorí pé dígí orí ìlà-ìbú x kì í fọwọ́ kan ọ̀tún tàbí òsì. Ìlà-òró y ló máa ń dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀: bí a bá fi ṣe dígí kí a tó sún gíráàfù yín sí ọ̀tún ní ìwọ̀n 3, ṣóńṣó rẹ̀ yóò ti 2 lọ sí −2, yóò wá dúró sí 1, bí a bá kọ́kọ́ sún un, yóò dé 5, yóò sì fò sí −5. (Ẹ má fi y = x² dán èyí wò láìsún un rárá, nítorí ó bá ara rẹ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ẹ ó sì rò pé dígí náà kò ṣiṣẹ́.)

Abèèrè:
Ó yé mi wàyí, ṣùgbọ́n kí ló dé tí (x − 2) fi wà ní ọ̀tún, nígbà tí àmì ìyọkúrò wà nínú àkámọ́?

Olùdáhùn kìíní:
Ẹ bi ara yín léèrè iye tí x gbọ́dọ̀ jẹ́ kí inú àkámọ́ tó di òdo. 2 ni. Ẹ fi 0, 1, 2, 3 àti 4 rọ́pò x nínú (x − 2)², ẹ ó rí 4, 1, 0, 1, 4: àárín rẹ̀ bọ́ sórí 2.

Abèèrè:
Mo ti fi x = 1 dán an wò. Gíráàfù àkọ́kọ́ fún mi ní 4. Mo dorí rẹ̀ kodò, ó di −4. Mo fi 5 kún un, ó di 1. Ìdáhùn ẹnì kejì mi náà fún mi ní 1, tèmi sì fún mi ní −9. Ẹ ṣeun púpọ̀.