Ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn kò jẹ́ kí n sùn mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún kẹta rèé tí mo ra Porsche 911 ti ọdún 2006, ọkọ̀ tó ti wà lọ́kàn mi láti ilé ìwé girama. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, bọ́ọ̀tù wà níwájú. Tí mo bá ti ṣáná sí i, orí mi á wú.

Ṣùgbọ́n Sùrùlérè ni mò ń gbé. Ọkọ̀ yìí wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gun gbogbo bọ́m̀pù, síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á ha ilẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dáńfó kan ha ilẹ̀kùn apá òsì. Ilà náà gùn tó apá mi, irin funfun ti yọjú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tí òjò bá ṣú lóru, mo ti dìde nìyẹn, màá máa tan tọ́ọ̀ṣì láti ojú fèrèsé bóyá omi ti dé táyà. Ìyàwó mi ní kí n tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, ṣé kí n gba gáréèjì síbi tí omi kì í dé ni? Tó bá wà nílẹ̀ fọ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣé ẹ máa ń yọ orí bátìrì? Ta ló sì ń kun ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ á bára mu?