Ẹ ya ìdọ̀tí tútù sọ́tọ̀: ìròyìn láti ilé Màámi n'Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì (Leipzig):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn lókè òkun. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti wà lọ́dọ̀ Màámi l'Ókè-Àdó. Mo ṣèlérí pé n óò ròyìn ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ́jọ́sí, pé kí a máa ya ìdọ̀tí tútù, ìyẹn ohun tó ń jẹrà, sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbẹ.

Nígbà tí mo dé, ike ìdọ̀tí méjì tó wà lẹ́yìnkùlé ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Àwọn tí à ń sanwó fún pé kí wọ́n wá kó o kò yọjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo tẹ́ tapólì sílẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀, mo sì ń ṣà á. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìtì ẹ̀fọ́, èérí ògì, ìrẹsì tó ti kan: àwọn yẹn ju ìdajì lọ. Ìyókù ni ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ìgò ike, agolo tòmátì àti páálí. Ohun gbígbẹ wọ̀nyẹn kì í rùn rárá! Omi èèpo àti epo ọbẹ̀ ló ba tiwọn jẹ́. Ọ̀rá tó bá sì ti mu epo, àwọn tó ń rà á kò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní Jámánì, ike aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Biotonne, ohun tó ń jẹrà nìkan ni à ń dà sí i. Ìyẹn ni mo ṣe níbí. Pẹ́ẹ̀lì oníìdérí méjì ni mo gbé sí ìdáná, ọ̀kan fún tútù, èkejì fún gbígbẹ. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́ aládùúgbò. Èèpo ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kí ẹran tó jẹ ẹ́, nítorí májèlé wà lára rẹ̀ ní tútù. Gbogbo ohun tí ewúrẹ́ ò bá jẹ, mo ń kó o jọ sẹ́yìnkùlé kí ó di ajílẹ̀.

Màámi wò mí títí, wọ́n ní, "Ààtàn lo ń dá un? Ibẹ̀ ni ìyá wa ti máa ń já tẹ̀tẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, ààtàn ni. A ti ní in tipẹ́, kí ọ̀rá tó dé tó bà á jẹ́.

Ọmọ Òjé (Dublin):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù èkúté ló ń bà mí ní tèmi, àti òjò.

Ẹ̀yin tó wà ní Ireland, ẹ má gbàgbé owó ìdógò orí ìgò ike àti agolo ohun mímu o, èyí tí ẹ ó gbà padà bí ẹ bá dá wọn padà sínú ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024 ló ti bẹ̀rẹ̀: sẹ́ǹtì 15 lórí èyí tí kò ju mílílítà 500 lọ, sẹ́ǹtì 25 lórí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dé lítà 3. Ẹ má fún un pa, ẹ má sì ya ìwé ara rẹ̀, ẹ̀rọ ò ní gbà á. Níbi ìsọmọlórúkọ tí a ṣe kẹ́yìn, àpò ńlá la gbé sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọdé ló ṣa gbogbo ìgò ilẹ̀ tán.

Ìyá Ìbejì (Leipzig):
Àbúrò, ẹran, ẹja àti ọbẹ̀ ló ń pe èkúté. Ẹ má da wọ́n sí i. Bí ẹ bá da ohun tútù tó kún abọ́ kan, ẹ fi ewé gbígbẹ abọ́ méjì bò ó. Ewé máńgòrò tí à ń gbá láràárọ̀ ni mo ń lò, nígbà míì èérún pákó láti ọjà pákó Bódìjà. Ní ti òjò, tapólì ọjọ́sí ló ń bò ó, mo fi bíríkì tẹ etí rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Bí omi bá ń ro, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bó bá ń fọ́nká, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ó gbóná débi pé mo tètè fà á yọ. Ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó dúdú, kó sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Bàbá Mọ́kọ́lá (Houston):
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ọmọ iléèwé ni mí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa n'Ìbàdàn kún tó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ìdọ̀tí tí a ń dà sódò wà lára ohun tó dí ojú ọ̀nà omi. Wọ́n la odò náà, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, síbẹ̀ omíyalé tún ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ó ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ṣì ń dúró de òjò kó tó da ìdọ̀tí sí gọ́tà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún Màámi kí wọ́n padà sí ewé fún mọ́ínmọ́ín. Ewé ń jẹrà, ọ̀rá kì í jẹrà.

Ìyá Ìbejì (Leipzig):
Wọ́n ti padà sí i, Bàbá. Ewé eéran tí a fi pọ́n tàná ti wà nínú ààtàn.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ nílé ní Kejìlá, ẹ má ru ike olówó ńlá wá. Ẹ tọrọ pẹ́ẹ̀lì ọ̀dà onílítà 20 tó ti tán lọ́wọ́ àwọn tó ń kun ilé, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìdérí rẹ̀ le, eṣinṣin kò lè wọ̀ ọ́.