Èéfín àfaragbá ni, kì í ṣe "èéfín ọwọ́ kejì"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìwé pélébé tí ẹ fẹ́ ká tẹ̀ fún ọjà Ìtòkú àti ibùdókọ̀ Pańsẹ́kẹ́. Gbólóhùn tí ẹ fi ṣe orí rẹ̀ ni: "Èéfín ọwọ́ kejì ń fa jẹjẹrẹ ikùn." Èéfín sìgá tí ẹlòmíì ń mu, tí ẹni tó wà nítòsí ń fà símú, ni ẹ ń pè bẹ́ẹ̀. N ò fara mọ́ ọn rárá, bẹ̀rẹ̀ láti orí "ọwọ́ kejì" yẹn.

Ohun tó bá di ọwọ́ kejì, ẹnì kan ti kọ́kọ́ lò ó, bí òkìrìkà àti tòkúnbọ̀. Ṣùgbọ́n nínú èéfín tó ń kan aládùúgbò, nǹkan bí 85 nínú 100 ni kò wọ àyà ẹni tó ń mu sìgá rí. Orí sìgá tó ń jó ló ti ń rú jáde, láàárín ìgbà tó fà á sí ìgbà tó tún máa fà á. Díẹ̀ tó kù ni èyí tó fà sínú tó tú síta. Òwú ìdí sìgá kò sì bá wa sẹ́ èyí tó ń ti orí jáde. Iná rẹ̀ kì í gbóná tó ìgbà tí wọ́n bá ń fà á, ìdí nìyẹn tí àwọn májèlé kan, irú bíi nitrosamine, fi pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú èyí tí amusìgá fúnra rẹ̀ ń fà lọ. Ta wá ni ọwọ́ kìíní níbẹ̀?

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tí kò jẹ kòkòrò ló fara gbá a. Àfọwọ́fà ni ti ẹni tó ń mu sìgá. Àfaragbá ni ti ẹni tó jókòó tì í. Ẹ wo bí méjèèjì ṣe dọ́gba lẹ́nu! Àbúrò tó gbè yín lẹ́sẹ̀ kọ "afaragbá", ó ní ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà o. A- olóhùn àárín, ẹni tó ń ṣe nǹkan ni, bí apẹja àti akọrin. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ló wà nínú àjẹkù àti àfọwọ́fà. Èéfín là ń dárúkọ, a ò dárúkọ ènìyàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ dárúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà, kó lo ìfaragbá. Abẹ́òkúta wa yìí, ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn lédè Yorùbá ní 1859, kò yẹ kó ṣi àmì ohùn lò lójú pátákó.

Ẹ tún wo "ikùn". Alápatà tó ń pa màlúù ní Lafẹ́nwá kì í ta "ikùn" fún ẹnikẹ́ni: ṣàkì ni, ẹ̀dọ̀ ni, ìfun ni. Àwọn ìyá wa mọ gbogbo rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà oúnjẹ ni kí ẹ kọ, torí láti ẹnu ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá sí àpòlúkù, ó dé ìfun.

Ẹnìkan bi wá pé báwo ni èéfín ṣe ń dé ibẹ̀. Èérún rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ kẹ́lẹ́bẹ̀ inú ọ̀nà èémí. Irun wínníwínní tó wà níbẹ̀ ń gbá kẹ́lẹ́bẹ̀ náà gòkè dé ọ̀fun, a sì ń gbé e mì láìfura. Ìyókù ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò mu sìgá rí, tó sì ń gbé pẹ̀lú amusìgá, wọ́n ń rí cotinine, ohun tí nicotine inú sìgá máa ń dà nínú ara, nínú itọ́ àti ìtọ̀ rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni "ń fa". Ti ẹni tó ń mu sìgá fúnra rẹ̀ ti dájú: ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun, ti àpòlúkù àti ti ìfun ńlá. Ti àfaragbá, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ti ọ̀fun àti gògóńgò, ẹ̀rí wà, kò tíì tó. Ti àpòlúkù àti ìfun, àwọn ìwádìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan. "Lè fa" ni kí ẹ kọ. Bí a bá purọ́ lórí ìfun, tí àṣírí tú, wọn ò ní gbà wá gbọ́ lórí ẹ̀dọ̀fóró mọ́.

Ẹ yọ ìmọ̀ràn "ẹ ṣí fèrèsé" kúrò pẹ̀lú, kò tó; ìta gbangba, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ni kí ẹni tó fẹ́ mu ún lọ. Kí ẹ sì fi kún un pé òfin tábà ti 2015 ka sìgá léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò àti ilé-ẹ̀kọ́. Awakọ̀ tó wà ní Pańsẹ́kẹ́ nílò ìyẹn ju gbogbo gírámà wa lọ.

Ẹni tó mú "farakáásá" wá pé ká fi rọ́pò àfaragbá, mo gbọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ tú "káásá" palẹ̀ fún wa, kí n tó dáhùn. Ní ti èwo ni ká kọ nínú àpòlúkù àti agbẹ̀du, àpòlúkù ni mo dúró lé. Ẹ máa bọ̀.